Bàbá Àjíǹde àti Ohùn Tó Wà Nínú Fíláàṣì

Ẹ ní ẹni tó bá Bàbá, bàbá wa àgbà, gbé kẹ́yìn ni kó kọ nǹkan nípa wọn. Àwọn tó kàwé nínú ìdílé wa wà l'Ékòó àti l'Ábújá, ọ̀kan tiẹ̀ wà níbi tí omi ti ń dì lójú títì, gbogbo yín lẹ sì ní ọwọ́ yín dí. Èmi tí mò ń ta ike ní Ìkàrẹ́, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì, èmi ni ọwọ́ mi dilẹ̀. Ó dáa. Ẹni tó bá rán aláta níṣẹ́, kó má wá sọ pé ata ta sí òun lójú.

N ò ní ka ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ẹ ti tẹ ìyẹn sínú ìwé ìsìnkú: ibi tí wọ́n bí wọn sí, ìjọ tí wọ́n ń lọ, iye ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Fótò mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, Bàbá ò sì rẹ́rìn-ín nínú ọ̀kankan. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé adájọ́ ni wọ́n. Bàbá tí èmi mọ̀, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín pa wọ́n kí ikú tó débẹ̀.

Ọ̀kà ni ilé Bàbá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ taípù ni wọ́n ṣe ní káńsù níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Màmá, ìyàwó wọn, kú, ilé náà wá tóbi jù fún wọn, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́. Àpótí aṣọ kan ni wọ́n gbé dé, àti láptọ́ọ̀pù kan. Mo gbé tábìlì sílẹ̀ fún wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárín bùkẹ́ẹ̀tì àti kúlà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti kọ nǹkan gàdàgbà sára páálí, wọ́n sì gbé e kọ́: A Ń JÍ KỌ̀ǸPÚTÀ TÓ TI KÚ. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa fi ń pè wọ́n ní Bàbá Àjíǹde.

Orúkọ yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti Alájì Músá. Awakọ̀ ni Alájì kó tó di pé ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ojoojúmọ́ ló sì máa ń wá jókòó sórí kúlà tí mo fẹ́ tà.

"Ìwọ ará ìjọ yìí," ni Alájì máa ń wí, "ẹ̀ṣẹ̀ lò ń dá. Àjíǹde kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀dá."

"Ṣé láptọ́ọ̀pù tìrẹ náà ti kú ni?"

"N ò ní láptọ́ọ̀pù."

"Ó dáa, dákẹ́, kí o sì dìde lórí kúlà ọmọ mi kó tó fọ́."

Alájì ò ní dìde. Yóò tún bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lọ́run nípa iṣẹ́ wọn. Bàbá á yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n á nù ún, wọ́n á ní: "Alájì, òkú tí kò tíì rùn ni mò ń jí. Èyí tó bá ti rùn, mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Àgùnbánirọ̀ kan tó gbé nílé wọn ní Ọ̀kà ló kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Bísọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó fi ohun kan tó ń jẹ́ Línọ́ọ̀sì sínú láptọ́ọ̀pù Bàbá, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí fíláàṣì, ó sin ìjọba tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi títí orí fi fọ́ mi. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó bá kú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara rẹ̀ ṣì pé, ọkàn rẹ̀ ló bàjẹ́. Ọkàn tuntun ni Línọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í kàn dà á sínú fíláàṣì bí ẹni ń da gàrí sápò. Ohun kan wà tó máa ń kọ ọ́ sí i, yóò kọ́kọ́ gbá gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì náà dànù, ibẹ̀ ni fíláàṣì ti máa di èyí tó lè jí òkú. Wọ́n á wá kì í bọ ìhà kọ̀ǹpútà, wọ́n á tanná sí i, wọ́n á máa tẹ bọ́tìnì kan lókè, tẹ́ tẹ́ tẹ́, bí ẹni tí inú ń run tó ń kan ilẹ̀kùn ṣáláńgá.

Mo bi wọ́n pé ṣé ó pọn dandan kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó mú fíláàṣì, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n ní: "Ta ló ń fi ọwọ́ tó dọ̀tí gbẹ̀bí?"

Ohun tó wá máa ń bí mi nínú jù ni ìwé kíkà wọn. Tí kọ̀ǹpútà bá ti béèrè ìbéèrè kan, Bàbá á kà á sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á tún un kà, wọ́n á wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi bíi pé èmi ni màá fọwọ́ sí i. Láti ilé iṣẹ́ taípù ló ti wá. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní káńsù, àṣìṣe kan ṣoṣo ti jáde lórí ìwé ìpàdé, wọ́n ti fi nọ́ńbà kan lé owó orí gbogbo àdúgbò kan, àwọn èèyàn sì wá bá wọn pẹ̀lú igi. Wọ́n sá gba fèrèsé. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, wọ́n á wá na ìka sókè: "Ìka yára ju ojú lọ. Jẹ́ kí ojú kọ́kọ́ débẹ̀."

Wọn ò dára ní gbogbo ọ̀nà o, kí ẹnikẹ́ni má sọ wọ́n di mímọ́. Olórí kunkun ni wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nísàlẹ̀ ìlà wa tó ń fi ẹ̀dà Wíńdò tí kò rà sí kọ̀ǹpútà fún àwọn èèyàn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èrò ń rọ́ lọ. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá á ní, "Bàbá, Wíńdò ni mo fẹ́ o." Bàbá á ní tàwọn ni Línọ́ọ̀sì, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é ló ní kí gbogbo ayé máa lò ó. Oníbàárà á wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ẹyin tó ti bàjẹ́ fún.

"Bàbá, ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í dáa."

"Afẹ́fẹ́ tó ń wọ imú rẹ ńkọ́? Èló lo rà á?"

Oníbàárà á bá tirẹ̀ lọ. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fún àwọn èèyàn ní ohun tí wọ́n bá fẹ́, bí ọjà ṣe rí nìyẹn, èmi ò fẹ́ràn bùkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ṣùgbọ́n mò ń tà á. Wọ́n wò mí títí. "Ìyá Oníke," wọ́n ní, "mo ti dàgbà jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ olè."

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Màmá, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo yín ń bi mí sí.

Ìlú kékeré kan lẹ́yìn òkè àpáta ni wọ́n ti fẹ́ Màmá wá, èdè ìlú wọn kì í sì í ṣe Yorùbá. Ẹni tó bá mọ Àkókó mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tuntun: o lè jẹun àárọ̀ ní ìlú kan, kí o dé ìlú kejì kí oúnjẹ náà tó dà, kí o má gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí Bàbá fi bá a gbé, wọn ò gbọ́ ju ìkíni àti èébú lọ. Ṣùgbọ́n èmi, ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo wà tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ Màmá ní Ọ̀kà, èdè yẹn ni Màmá fi tọ́ mi. Nínú gbogbo ọmọ-ọmọ, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo ní mi ò lọ ilé ìwé mọ́, pé ọjà ni mo fẹ́ ṣe, Màmá ò lù mí, kò sì bú mi. Yorùbá ló bẹ̀rẹ̀ sí bá mi sọ, bó ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Títí ó fi kú, kò fi èdè wa pè mí lójúkojú mọ́. Ẹgba ì bá sàn.

Nígbà tí àìsàn dé, Bísọ́lá fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Màmá bá ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, lórúkọ lórúkọ. Bísọ́lá kó ohùn náà sínú fíláàṣì kan, Bàbá so òwú pupa mọ́ ọn kí wọ́n má baà ṣì í mú, nítorí fíláàṣì méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ti Màmá, ìkejì tó ń jí òkú. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á ki ti Màmá bọ láptọ́ọ̀pù, wọ́n á fi íápíìsì sétí, wọ́n á dijú.

"Màmá bá ọ sọ̀rọ̀ níbí o," wọ́n ní. "Yorùbá ló fi bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èdè yín ló fi sọ tìrẹ. Wá gbọ́, kí o wá túmọ̀ fún mi."

"Bàbá, ọjà wà nílẹ̀."

Irọ́ ni. Ọjà wo ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi? Mo rò pé èébú ni Màmá tọ́jú dè mí. Ta ló máa ń sáré lọ gbọ́ èébú tí kò lọ síbì kankan? Bàbá ò fipá mú mi. Wọ́n ní: "Ẹni tó wà nínú fíláàṣì kì í kánjú. Á dúró dè ọ́."

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe lọ. Ní ọjọ́ Ajé, mo bu omi sínú bùkẹ́ẹ̀tì kan láti fi han oníbàárà pé kò jò, fíláàṣì tó ń jí òkú sì já bọ́ lórí tábìlì Bàbá sínú ẹ̀. Bùkẹ́ẹ̀tì ò jò lóòótọ́. Fíláàṣì kú. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà obìnrin kan sáré dé láti Ifira, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kú, èsì ìdánwò gbogbo kíláàsì rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Fíláàṣì wo ló kù? Ti Màmá nìkan. Bàbá da ohùn Màmá kọ sínú láptọ́ọ̀pù tiwọn ná, wọ́n tẹ́tí sí i níbẹ̀ kó lè dá wọn lójú pé ó wọlé, wọ́n wá fi fíláàṣì Màmá ṣe èyí tó ń jí òkú. Wọ́n kó èsì náà jáde fún tíṣà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún wọn lórí yanrìn. "Dìde," ni Bàbá wí, "ìyàwó mi ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló kó jáde nílé fún ọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, iná dé pẹ̀lú agbára, ó sun gílóòbù mẹ́ta ní ìlà wa. Láptọ́ọ̀pù Bàbá bá dúdú, kò tàn mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, wọ́n fọwọ́, wọ́n ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ó jí. Ó wá bi wọ́n ní ìbéèrè. Mo ti gúnyán, mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n kà á fún mi. "Ó ní, ṣé kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí rẹ́, kí òun tó wọlé." Wọ́n tún un kà. Ìka wọn dúró lókè. "Ìyá Oníke, dúró ná. Nǹkan kan wà tó ń rìn lọ́kàn mi nípa ẹ̀rọ yìí."

"Ebi ni, Bàbá."

"N ò rò pé ebi ni."

"Iyán ti fẹ́ di òkúta! Kí lẹ tún ń wá nínú òkú láptọ́ọ̀pù? Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre!"

Alájì rẹ́rìn-ín lórí kúlà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá jẹun, wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa, wọ́n tún bu ọbẹ̀ kún un. "Òótọ́ lo sọ," wọ́n ní, "ebi ni."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ki fíláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù bí ìṣe wọn. Mò ń nu eruku ara abọ́. Mo rí i pé wọ́n yọ ọ́, wọ́n wo òwú rẹ̀, wọ́n tún un kì bọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ nǹkan pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi íápíìsì sétí, wọ́n sì dijú. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe: "Bàbá, kí ni Màmá sọ lónìí?"

Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní: "Ó ní kí n kí ọ."

Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fi íápíìsì sílẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń pe nọ́ńbà Bísọ́lá, kò wọlé. Mo ní arúgbó kò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Màmá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bóyá wọ́n ti rí opó kan níbẹ̀. Ní ọdún kejì, ọkàn mi rọ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èébú mi wàyí." Wọ́n ní íápíìsì ti ń hanrun. Mo ra tuntun. Wọ́n ní bátìrì ò lágbára. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ síta. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Inú bí mi, mo ní ṣé wọ́n ń fi Màmá pamọ́ fún mi ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, èyí tí Bàbá kì í ṣe. "Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ni wọ́n kú.

Ilẹ̀ ò tíì gbẹ lórí sàréè tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí pè mí. Fi ohùn Màmá ránṣẹ́. A fẹ́ gbọ́ ọ níbi ìsìn ìrántí. Àwọn ọmọ wa ò mọ ohùn rẹ̀. Mo gbé fíláàṣì àti láptọ́ọ̀pù tọ Síkírá lọ, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ó wò ó, ó ní, "Àǹtí, Línọ́ọ̀sì nìkan ló wà níbí. Kò sí ohùn kankan." Ó wo láptọ́ọ̀pù. Ó sọ ọjọ́ tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ fún mi, mo sì ka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn, mo dé ọjọ́ Sátidé tí mo gúnyán. Mo ní kó bá mi wá a jáde. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbìyànjú, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. "Ohun tuntun ti jókòó lé e lórí," ó ní. "Ẹ má bínú, Àǹtí."

Nínú àpótí aṣọ Bàbá, mo rí ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo wa sí. Ohun tí wọ́n rántí nínú ọ̀rọ̀ Màmá ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Níwájú Kúnlé: *má ta ilẹ̀ baba rẹ.* Níwájú Yétúndé: *bí ilé ọkọ bá le jù, ilé wà.* Èmi ni mo kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ: *Ó pẹ́ jù lórí tirẹ̀. N kò gbọ́ èdè náà. Ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.*

Ẹ má tí ì bá mi yọ̀. Màmá máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń súre, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń bú èèyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé mi, ohùn Màmá kò sí. Kò sí lọ́wọ́ mi, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà Bísọ́lá tí Bàbá ń pè nítorí rẹ̀ ò sì wọlé títí dòní. Bàbá kọ́ ló sọ ọ́ nù. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì mọ̀, wọ́n wá ń fetí sí òfìfo ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi kí èmi má baà mọ̀.

Àǹtí Ṣadé, àbúrò ìyá mi, ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún, ní kí n má sunkún. Ó ní ṣebí mo gbọ́ èdè náà, kí n sọ nǹkan sínú fóònù bí Màmá ì bá ṣe sọ ọ́, ó kéré tán àwọn ọmọ á gbọ́ bó ṣe máa ń dún. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́. Ìkíni jáde. Lẹ́yìn ìkíni, mo wá a, mo wá a. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ọmọ kékeré sọ ni mo rí: gbé e wá, má fọwọ́ kàn án, sùn. Èyí tí wọ́n fi ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, mi ò ní in; kí n tó dàgbà dé ibẹ̀ ni Màmá ti yí sí Yorùbá. Fóònù ṣì ń ka ìṣẹ́jú lọ.